Níbo Lomi Náà Gbà Jáde? Bí Ẹ̀rọ Inú Ilé Ṣe Ń Kó Ọ̀rinrin Wọlé àti Bó Ṣe Ń Kó O Jáde

Bàtà aláwọ dúdú kan ló là mí lójú. Mo tì í sábẹ́ wọ́dùróòbù lóṣù kẹfà. Nígbà tí mo máa fà á yọ lóṣù kẹjọ láti fi lọ síbi ìgbéyàwó, funfun ti bò ó látòkè délẹ̀, bíi pé ẹnì kan ku fúláwà sí i. Mo ṣí àpótí aṣọ òkè, òórùn akísà tí wọ́n gbàgbé sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló kí mi káàbọ̀. Bẹ́ẹ̀ yàrá yìí tutù o. AC 2 hp ló wà níbẹ̀, àwa tó ń sùn ibẹ̀ sì máa ń da aṣọ bora lóru bí ẹni tó wà ní Jọ́ọ̀sì. Ohun tó rú mi lójú nìyẹn: ṣebí wọ́n ní AC máa ń gbẹ ilé?

Ó ń gbẹ ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n tèmi kò ráyè ṣe é. N óò sọ ìdí rẹ̀ tí mo bá dé orí AC. Kí n tó débẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo wà tí mo fi ń dá gbogbo ẹ̀rọ lẹ́jọ́ láti ọjọ́ yẹn: níbo lomi náà gbà jáde? Kò sí ẹ̀rọ tó ń jẹ omi. Èyí tó bá ní òun ń gbẹ ilé gbọ́dọ̀ ní páìpù, tàbí ike tí omi ń dà sí, tàbí ihò tó já síta. Bí ẹ bá wá a títí tí ẹ kò rí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú ilé yín ni omi ọ̀hún ṣì wà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn afẹ́fẹ́ ilé yín

Awọ ara kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé. Ẹni tó jókòó síwájú fáànù yóò ní ilé ti gbẹ, nígbà tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ń làágùn. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, tí wọ́n ń pè ní hygrometer. Kò ju páálí ìṣáná méjì lọ, bátìrì ló ń lò. Bí ẹ kò bá rí i nítòsí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìpa-ẹyin fún àwọn olóko adìẹ. Wọn kì í wà láìní in, nítorí ẹyin kì í ṣe dáadáa bí ọ̀rinrin kò bá tó.

Nọ́ńbà tí ẹ máa rí lójú rẹ̀ ń sọ ìdá tí omi inú afẹ́fẹ́ jẹ́ nínú èyí tó pọ̀ jù tí afẹ́fẹ́ náà lè gbà. Ikùn afẹ́fẹ́ gbígbóná sì tóbi ju ti afẹ́fẹ́ tútù lọ. Kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan lè gba bíi gíráàmù 30 omi ní 30°C. Ní 20°C, bíi 17 ni. Ní 10°C, kò tó 10. Ìdí nìyí tí ìgò mínírà tó ti inú fíríìjì jáde fi máa ń làágùn lórí tábìlì. Afẹ́fẹ́ tó fara kan ìgò náà tutù, ikùn rẹ̀ sún kì, ó sì pọ omi tí kò lè gbé mọ́ sára ìgò. Ìrì ni, ìrì tó ń sẹ̀ sórí koríko ní ìdájí náà ni. Òun ló ń sẹ̀ sára ògiri tútù, sára dígí fèrèsé, àti sínú AC. Ẹni tí ohun tí ìgò mínírà yẹn ń ṣe bá yé, ó ti lóye ju ìdajì ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Ẹ má tíì gba hygrometer yín gbọ́. Ẹ rọ iyọ̀ ìsebẹ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ kán omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí bí iyanrìn etí odò. Kò gbọdọ̀ yọ́ tán. Ẹ gbé ìdérí náà àti hygrometer pọ̀ sínú ọ̀rá tó ṣeé dì pa, ẹ dì í gírígírí, kó sun ibẹ̀ mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, 75 ló yẹ kó kà, nítorí afẹ́fẹ́ tí a sé mọ́ orí iyọ̀ tútù kì í kúrò ní 75%. Tèmi ka 71. Mo fi bírò kọ “+4” sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ wá gbé e sí ibi tó ga tó orí ẹni tó jókòó, kó jìnnà sí fèrèsé, sí AC, àti sí ilé ìdáná. Ẹ kọ ohun tó bá kà sílẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tì í sẹ́yìn wọ́dùróòbù fún òru kan. Ẹ máa rí i pé ìyàtọ̀ wà. 40 sí 60 ló dára fún èèyàn àti aṣọ. Bó bá kọjá 70 tí kò sì sọ̀ kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, awọ, páálí, pátákó àti ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Bó bá wọ ìsàlẹ̀ 30, ètè á máa là.

Ọ̀rọ̀ kan fún ará Èkó: bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra tí ẹ kò sì ní AC, 80 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ máa rí nínú yàrá yín. Ẹ má jáyà, ti ìta náà nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun máa fi àpò kẹ́míkà kékeré kan sọ ọ́ di 50 fún yín ní gbogbo pálọ̀, ọjà ló fẹ́ tà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ àwọn tó ń kó omi wọlé

Èèyàn ni àkọ́kọ́. Ẹni tó sùn jẹ́ẹ́ ń mí omi jáde, ara rẹ̀ sì ń tú omi, bíi gíráàmù 40 ní wákàtí kan. Ẹni méjì tó bá sùn wákàtí mẹ́jọ nínú yàrá tó tì pa ti tú omi tó ju píọ́ wọ́tà kan lọ sínú afẹ́fẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. A ò lè sọ pé kí èèyàn má mí, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìdáná.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ìkòkò tó ń hó ń tú omi. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé iná gáàsì fúnra rẹ̀ ń ṣe omi. Bí gáàsì bá jó, carbon dioxide àti omi ló ń dà. Kílò gáàsì kan ń di omi bíi kílò 1.6. Ẹ wá gbé sìlíńdà 12.5 kílò sójú ìṣirò: nígbà tó bá fi máa tán, ó ti tú bíi lítà 20 omi sínú ilé. Kẹ́ẹ̀gì ńlá kan tó kún dé ẹnu nìyẹn. Ẹ kò rí i nítorí omi tó ti di afẹ́fẹ́ kò lójú. Kẹrosíìnì náà kò yàtọ̀: lítà kan rẹ̀ ń di omi tó lé díẹ̀ ní lítà kan. Sítóófù iná mànàmáná kò ṣe irú èyí. Omi inú ìkòkò nìkan ni tirẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń dáná:

– Ẹ dé ìkòkò. Ẹ̀wà tó bá hó fún wákàtí kan láìdé lè tú tó lítà omi kan sí ilé.
– Tó bá ti hó, ẹ dín iná kù. Omi tó ń hó wọ́ọ́rọ́wọ́ àti èyí tó ń hó pátápàtá, ọgbọọgba ni ooru wọn. Ẹ̀wà kò ní tètè jinná nítorí pé iná ń la ìdí ìkòkò. Omi àti gáàsì lẹ kàn ń dànù.
– Ẹ ti ilẹ̀kùn tó wà láàárín ilé ìdáná àti yàrá tí AC ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wá ṣí fèrèsé ilé ìdáná sílẹ̀ gbayawu. Èyí kì í ṣe tìtorí ọ̀rinrin nìkan: iná gáàsì tàbí kẹrosíìnì nínú ilé tó tì pa lè pààyàn. Ti jẹnẹrétọ̀ kò tilẹ̀ ṣeé sọ, ìta ni àyè rẹ̀.
– Ìkòkò onípírẹ́ṣọ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Omi tó ń tú kò pọ̀, àkókò tó ń lò sì kúrú.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ sórí sítóófù láti fa èéfín ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá la ògiri já síta, ó ń kó omi jáde. Àmọ́ àwọn kan wà tí kò ní ọ̀pá rárá: wọ́n á fa afẹ́fẹ́ gba inú èédú, wọ́n á tún tú u padà sójú ẹni tó ń se ọbẹ̀. Òórùn àti ọ̀rá díẹ̀ nìyẹn lè mú. Omi ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i.

Aṣọ tí a sá sínú ilé ló wá burú jù nínú gbogbo wọn. Ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ wá òṣùwọ̀n tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń wọn àpò, ẹ kó aṣọ tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí gbẹ sínú báàgì Gánà Mọ́st Go, ẹ gbé e kọ́. Nígbà tí aṣọ bá gbẹ tán, ẹ tún kó o wọ̀n. Ohun tó dín ni omi tó wọ inú ilé. Aṣọ òwú kílò márùn-ún tí ẹ̀rọ fi ìyí 800 ní ìṣẹ́jú kan yí gbẹ ṣì ń gbé bíi lítà 3.5 omi. Bó bá jẹ́ ìyí 1400 ni, á kù sí bíi 2.5. Lítà kan gbáko lẹ fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo dín kù, kí ẹ tó sá ẹyọ aṣọ kan. Ẹ̀yin tó ń lo ẹ̀rọ oníhò méjì, ẹ yí aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì nínú ihò ìfungbẹ. Ìgbà kejì yẹn kì í ṣe àṣedànù.

Bí òjò kò bá jẹ́ kí ẹ sá aṣọ síta, balùwẹ̀ ni kí ẹ sá a sí, kí ẹ ṣí fèrèsé rẹ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ilé yòókù. Ẹ má sá a sí yàrá tí ẹ ń sùn kí ẹ wá tan fáànù sí i. Aṣọ á gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti fómù yín lẹ máa mu omi rẹ̀.

Áyọ́ọ̀nù olómi, kẹ́tùlù, ẹ̀rọ ìserẹsì àti àwọn ẹbí wọn kò tó nǹkan tí à ń jà lé lórí. Omi gbígbóná ní balùwẹ̀ tó nǹkan. Ìlànà rẹ̀ kan náà ni ti aṣọ: fèrèsé ṣíṣí, ilẹ̀kùn títì.

Ó ku ẹ̀rọ kan tí inú máa ń bí mi sí. Ẹ ti rí fáànù gàgàrà oníke, tí wọ́n ń da omi àti yìnyín sí nínú, tí ẹni tó ń tà á ń pè ní “AC aláìnípáìpù”. Ẹ bi í ní ìbéèrè wa. Níbo lomi náà gbà jáde? Ojú yín ló gbà jáde! Omi tí ẹ dà sí i ló ń fẹ́ sáfẹ́fẹ́, gbígbẹ tí omi náà ń gbẹ ló sì ń mú ìtútù wá. Lókè Ọya, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mo sì lè gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó rà á. Ṣùgbọ́n l'Ékòó lóṣù kẹfà, afẹ́fẹ́ ti yó omi. Kò sí àyè nínú rẹ̀ fún omi mìíràn, torí náà ìtútù kò ní wá. Ilé á kàn máa rin. Yìnyín tí ẹ dà sí i nìkan ló ń tu yín lára níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì yọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ àwọn tí kò kó wọlé tí kò sì kó jáde

Fáànù wà níbí. Òógùn ara yín ló ń gbẹ, ìdí nìyẹn tó fi ń tù yín lára, ṣùgbọ́n ẹyọ omi kan kò bá a jáde. Àǹfààní rẹ̀ kan wà: bí afẹ́fẹ́ bá ń rìn lẹ́yìn wọ́dùróòbù, ìrì kì í tètè sẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fa wọ́dùróòbù kúrò lára ògiri ní ìwọ̀n ọwọ́ kan.

Fíríìjì ní ẹ̀tàn nínú. Inú rẹ̀ gbẹ gan-an. Ẹ wo bí búrẹ́dì tàbí ẹran tí a kò bò ṣe ń gan nínú rẹ̀. Omi tó fà kúrò nínú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gba ihò kékeré kan lẹ́yìn lọ sínú àwo pẹlẹbẹ tó wà lórí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ooru kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á sì gbẹ omi náà padà sínú ilé ìdáná yín. Ohun tó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, ó fi tòsì dá a padà. Ẹ fọ àwo yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà míì tí ilé ìdáná bá ń rùn tí a kò mọ ohun tó kú, ibẹ̀ ni. Fírísà tó ń dì ní yìnyín yàtọ̀ díẹ̀: omi afẹ́fẹ́ tó wọlé nígbà tí ẹ ṣí i ló di yìnyín funfun yẹn, á sì wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi yọ́ ọ, tàbí títí Nẹ́pà yóò fi bá yín yọ́ ọ.

Gílóòbù kékeré tí àwọn àgbà máa ń tàn sínú wọ́dùróòbù kì í kó omi jáde, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ooru rẹ̀ ń la ikùn afẹ́fẹ́ inú wọ́dùróòbù sí i, nọ́ńbà hygrometer á sọ̀ kalẹ̀, aṣọ kò sì ní bu. Ewu rẹ̀ ni pé gílóòbù àtijọ́ tó fara kan aṣọ lè dáná sun ilé, gílóòbù LED sì rèé, kò gbóná tó láti ṣe iṣẹ́ náà. Èmi kì í lò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ jẹ́ kí AC ṣiṣẹ́ méjèèjì tí ẹ rà á fún

Nínú ẹ̀rọ amúlétutù, irin tútù kan wà tí afẹ́fẹ́ yàrá ń gba ara rẹ̀ kọjá. Ìgò mínírà wa nìyẹn. Ìrì ń sẹ̀ sára irin náà, ó ń ro sínú ọpọ́n kékeré, ó ń gba páìpù jáde síta. Ní 30°C àti 80%, ìrì á máa sẹ̀ sára ohunkóhun tó bá tutù ju bíi 26°C lọ, irin inú AC sì tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. AC 1.5 hp lè fa lítà kan sí lítà kan ààbọ̀ omi jáde ní wákàtí kan nígbà òjò.

Ẹ dán tiyín wò. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́nu páìpù níta fún wákàtí kan, kí fèrèsé àti ilẹ̀kùn wà ní títì. Bí omi inú rẹ̀ kò bá tó ife kan nígbà òjò, nǹkan wà. Ó lè jẹ́ pé fítà ti dí, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ fọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mò ń fọ tèmi nígbà ọyẹ́ nítorí eruku. Ó lè jẹ́ pé páìpù náà dí, tàbí pé wọn kò dà á sísàlẹ̀ dáadáa. Ìgbà yẹn ni omi máa ń ro sára ògiri inú yàrá. Mo ti pe oníṣẹ́ kan rí tó ní gáàsì AC ló ń jò, tó gba owó gáàsì lọ́wọ́ mi, kó tó di pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ẹnu fọn páìpù tí àpò ẹyin aláǹtakùn sì fò jáde.

Ó sì lè jẹ́ àìsàn tèmi: AC tó tóbi jù. Ìrì nílò àkókò. AC 2 hp nínú yàrá ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá á tu afẹ́fẹ́ náà dé nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ á sì dákẹ́. Ní àkókò kúkurú yẹn, irin rẹ̀ ò tíì rin tó débi tí omi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Èyí tó wá bà á jẹ́ ni pé fáànù rẹ̀ kò dákẹ́: ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá lára irin tútù náà, ó sì ń gbé omi tó kù níbẹ̀ padà sínú yàrá. Bàtà mi gba òtútù àti omi pọ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí 1 hp, iná tí mò ń jẹ dín kù, yàrá kò sì rin mọ́. Ẹ̀gàn ni hẹ̀ẹ̀.

Bí ẹ kò bá ní owó láti pààrọ̀ rẹ̀:

– Ẹ fi fáànù AC sí “Auto”, tàbí sí kékeré jù. Afẹ́fẹ́ tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ ń pẹ́ lára irin, ó sì ń fi omi púpọ̀ sílẹ̀.
– Ẹ lo “Dry”, èyí tó ní àwòrán ẹ̀kán omi lórí rìmóòtù, ní ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ tí ooru kò mú. Fáànù á máa lọ jẹ́jẹ́, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á máa ṣiṣẹ́ lóòrèkóòrè. Kò dára fún ọ̀sán gangan tí oòrùn ń ta.
– Ẹ fi sí 24 sí 26. Ẹni tó fi sí 16 ń tu ògiri ni. Ògiri tútù yẹn lè mú kí ìrì sẹ̀ sí òdìkejì rẹ̀, nínú yàrá tí kò ní AC. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ògiri yàrá àwọn ọmọ bá ń dúdú tí a ń wá páìpù tó bẹ́, AC yàrá ìyá àti bàbá wọn ló fà á.
– Ẹ má ṣí fèrèsé “kí atẹ́gùn lè wọlé” nígbà tí AC ń lọ. Ẹ tún ń da omi sínú agbada tí ẹ ń gbọ́n.
– Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ lóru, ẹ má sáré ṣí fèrèsé gbayawu. Afẹ́fẹ́ òjò tó bá wọlé bá ògiri tútù á sẹ̀ síbẹ̀ kíá. Ẹ ṣí i díẹ̀, kí yàrá kọ́kọ́ móoru.

Omi AC ńkọ́? Ẹ fi nulẹ̀, ẹ dà á sí ṣáláńgá. Ẹ má mu ún. Ó ti fọ gbogbo eruku ara irin náà wá. Àwọn kan ń dà á sí bátìrì inverter, wọ́n ní omi òjò ni. Kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀, bátìrì sì wọ́n.

Ẹ̀rọ afàrinrin

Èyí ni wọ́n ń pè ní dehumidifier. AC ni nínú, àmọ́ gbogbo ara rẹ̀ wà nínú ilé: ó ń fa omi sínú ike, ooru rẹ̀ sì ń fẹ́ padà sínú yàrá. Lítà omi kan tó bá fà ń tú ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.7 kilowatt-hour (yúnítì tí mítà iná ń kà) sílẹ̀, ẹ tún wá fi iná tó jẹ kún un. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ẹni tí kò ní AC nímọ̀ràn pé kó sùn tì í l'Ékòó. Yàrá ìkóṣọ, ilé ìkàwé, ibi tí oníránṣọ ń kó aṣọ lẹ́ẹ̀sì pamọ́ sí: ibẹ̀ ni àyè rẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fi sí 55%, kí ẹ máa da ike rẹ̀ nù. Bó bá ti kún, á dákẹ́.

“Lítà 20 lójúmọ́” tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ní 30°C àti 80% ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n ọ́n. Ojú ọjọ́ tiwa gan-an nìyẹn, torí náà kì í parọ́ jù fún wa. Àwọn kékeré tí kò tóbi ju kẹ́tùlù lọ, tí kò ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, kì í fa tó lítà kan lójúmọ́. Wọ́dùróòbù kan ni agbára wọn mọ.

Tí ọyẹ́ bá dé

Ohun gbogbo á yí padà. Lóṣù kejìlá sí oṣù kejì, hygrometer ní Ìbàdàn lè já wálẹ̀ lọ́sàn-án, pátákó ilẹ̀kùn tó ń há nígbà òjò á máa gbọ̀n, imú á gbẹ. Ìgbà yìí ni ẹ̀rọ tó ń tú omi wúlò. Àwọn tó ń tú u bí ìkùukù funfun ló pọ̀ lọ́jà, ohun tó bá sì wà nínú omi ni wọ́n máa ń tú pọ̀ mọ́ ọn: bí ẹ bá da omi kànga ẹ̀rọ tó ní kẹ́míkà ilẹ̀ nínú sí i, ẹ máa rí ẹfun lórí tẹlifíṣàn láàárọ̀. Ẹ lo omi tó mọ́, ẹ máa fọ inú rẹ̀ ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ sì pa á bí nọ́ńbà bá dé 50. Abọ́ omi tí a gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò ṣe nǹkan kan tó hàn. Táwẹ́ẹ̀lì tútù tí a fi kọ́ iwájú fáànù sàn jù ú lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Fún ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ́nù

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Peckham pè mí lóṣù kìíní.

“Àbúrò, ògiri yàrá mi ń sunkún. Mo ti fèrèsé pa, mo tan hítà, ńṣe ló ń pọ̀ sí i.”

“Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Nínú òtútù yìí? Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ìwọ tó o ní kí Bàbá ti fèrèsé wọn lọ́jọ́ sí!”

Òótọ́ ni, èmi náà ni. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ìta Lọ́ńdọ́nù ní 5°C, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ń rọ̀, kò lè gbé ju bíi gíráàmù 7 omi lọ ní kúbíìkì mítà kan. Bó bá wọlé tí hítà sì gbé e dé 20°C, bíi 40% péré ló máa kà. Afẹ́fẹ́ tí ebi omi ń pa lẹ jẹ́ kó wọlé. L'Ékòó, òdìkejì ni: afẹ́fẹ́ ìta ló ń kó omi bọ̀. Nítorí náà, ẹ wo ojú ọjọ́ kí ẹ tó gba ìmọ̀ràn fèrèsé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan èmi.

Hítà kì í kó omi jáde, ikùn afẹ́fẹ́ ló ń là sí i, omi náà á sì lọ sẹ̀ sára ògiri tó tutù jù. Ẹ̀rọ ìgbáṣọgbẹ tó ní ọ̀pá gbọ́dọ̀ tú síta. Bí ọ̀pá náà bá yọ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo omi aṣọ ti wọ yàrá. Èyí tó ní ike kò nílò ọ̀pá, kí ẹ máa da ike náà nù ni. Bí yàrá bá tutù ju 15°C lọ, dehumidifier oníkọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Irú èyí tó ń lo kẹ́míkà tó ń mu omi ló yẹ níbẹ̀.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù yípo yàrá kí n rí i. Lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì wọn, lórí hítà gan-an, ni wọ́n sá aṣọ ìbora mẹ́ta àti ìró àǹkárá sí, omi ń ro lára wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lomi yẹn máa gbà jáde?”

Wọ́n wo aṣọ, wọ́n wo ògiri, wọ́n pòṣé. Mo gbọ́ nígbà tí fèrèsé ké gbì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n tì í padà, wọ́n kó aṣọ lọ sí balùwẹ̀, wọ́n wá bi mí bóyá èmi ni màá bá wọn san owó gáàsì hítà oṣù yẹn.